Olùdarí Ọ̀ràn Àgbáyé Tí Kò Mọ Èèyàn Kí

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyì Àlùkò ní Monrovia lọ́dún 1995, ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló ní láti kàn. Lẹ́nu ìlẹ̀kùn kìíní, wọn á bi í pé ta ló rán an wá. Lẹ́nu ìkejì, wọn á ní kó bọ́ bàtà. Lẹ́nu ìkẹta, Dámiláre akọ̀wé á kọ́ ọ ní orúkọ tí yóò pe ọ̀gá bó bá wọlé, torí orúkọ náà gùn, ẹni tó bá sì gé e kúrú, wọn á dá a padà síta kó lọ tún un pè. Orúkọ ọ̀hún nìyí: Olùdarí Àgbà, Baba Ìmọ̀, Afárá Láàárín Àwọn Orílẹ̀-Èdè. Ẹ̀yin náà, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má fò ó. Ogun ti ba afárá jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Làìbéríà, ṣùgbọ́n afárá kan yìí dúró gbọin, ó ń jẹ ẹran díndín lórí àga tìmùtìmù.

Àjọ kan ní Accra ló gbé ètò kan kalẹ̀ ní Monrovia nígbà tí ìbọn dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n pè é ní Ètò Ọ̀ràn Àgbáyé fún Akẹ́kọ̀ọ́. Èrò wọn dára. Ogun ti mú kí aládùúgbò máa fi ojú ọ̀tá wo aládùúgbò, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n kọ́ àṣà ẹlòmíì, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe. Àwọn méjì tó bá yege jù yóò lọ kàwé ọdún kan ní Accra, ọ̀fẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú èrò rere yìí kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n wá ẹni tí yóò darí rẹ̀, wọ́n sì rí Àlùkò.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọmọ méjìlélógójì ló wá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wọlé, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ní, "Good morning, sir," wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Àlùkò wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n na ẹja tó ti bàjẹ́ sí. Ó kọ ọ́ sójú ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Kò ní ẹ̀kọ́ ilé." Ìgbà tó kan àwọn ọmọ Yorùbá láti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bushrod Island, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Gbogbo wọn ti yege kí wọ́n tó dìde. Bí ètò tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní àṣà gbogbo àgbáyé ṣe kó ọmọ Yorùbá márùn-ún láti inú ìjọ kan ṣoṣo jọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ NA ỌWỌ́ SÍ OLÙDARÍ ÀGBÀ.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń lo ṣíbí mẹ́ta nídìí oúnjẹ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń rí jẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dìde fún aṣojú ìjọba. Ọjọ́rú ni ti àtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ pín sí mẹ́ta: ti ìgbà tí Olùdarí bá wọlé, ti ìgbà tó bá sọ gbólóhùn tó jinlẹ̀, àti ti ìgbà tó bá dákẹ́ láti mí. Ti ìkẹta yìí ṣe pàtàkì jù, torí Àlùkò kò fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ òun ṣòfò. Wọ́n ń fi dánra wò títí ó fi mọ́ wọn lára. Ọ̀gá á ṣíwọ́ ọ̀rọ̀, ọwọ́ mẹ́wàá á dún, láìjẹ́ pé orí kankan ronú sí i.

Ó ti kọ ìwé olójú ewé àádọ́ta kan ránṣẹ́ sí Accra, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Àwọn Ará Làìbéríà Bí Mo Ṣe Mọ̀ Wọ́n. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti mọ̀ wọ́n. Mọ́tò ECOMOG kan, ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wá dá ogun dúró, ló máa ń gbé e láti ilé dé ọ́fíìsì, gíláàsì rẹ̀ á wà ní títì, Sájẹ́ǹtì Níran á wà nídìí ọkọ̀. Ohun tó bá rí lọ́nà ló ń kọ. "Wọ́n ń rìn púpọ̀." "Wọ́n fẹ́ràn ẹja." "Wọ́n máa ń wo ọkọ̀ mi."

Nínú àwọn márùn-ún yìí, ọwọ́ ẹnìkan kì í tètè pàdé nídìí àtẹ́wọ́. Mobọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Monrovia ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Waterside títí iná ogun fi jó ṣọ́ọ̀bù. Ọṣẹ àti iyọ̀ ló ń tà báyìí níwájú ilé. Ilé ẹ̀kọ́ tí Mobọ́lá ń lọ ti di ibùsùn àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Accra yìí nìkan ni ọ̀nà tó kù níwájú rẹ̀. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọṣẹ àti iyọ̀ ló kù.

Àjọ Accra ti fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá kọ́ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn sí i. Àwọn mẹ́rin yòókù da ìwé Olùdarí kọ. Mobọ́lá fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní New Kru Town, ó bá obìnrin méjì tó ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, ogun ló lé àwọn méjèèjì débẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìlú tí wọ́n ti wá. Ọ̀kan ní èkejì dé, kò kí òun. Èkejì ní nílé bàbá òun, ẹni tó bá ti wà nídìí omi ló ń kọ́kọ́ kí ẹni tó ń bọ̀. Mobọ́lá jókòó ti garawa, ó bi èyí léèrè, ó bi tọ̀hún, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkíní yé ẹnìkejì. Kí omi tó kún, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ló mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láyé: òun fẹ́ di ẹni tí ń jókòó láàárín àwọn tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Ẹ ò rí i pé ètò náà ṣiṣẹ́, Olùdarí rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́.

Torí nígbà tí Àlùkò ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Ohun Tí Mo Fẹ́ Dà Láyé", ohun tí Mobọ́lá kọ sílẹ̀ nìyẹn. Lékè, Tolú àti Ògofolúwa kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ dà bí Olùdarí. Dámiláre, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó tún jẹ́ akọ̀wé, mọ ilé ayé jù wọ́n lọ. Ó kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ dà bí bàtà Olùdarí, nítorí kò síbi tó ń lọ tí bàtà rẹ̀ kì í bá a dé." Ó gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi mẹ́wàá ṣe ènì fún un. Mobọ́lá gba òdo. Àlùkò fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ ìwé rẹ̀ pé, "Kò mẹ́nu ba ẹnikẹ́ni tó ṣe pàtàkì."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti Accra. Ìyáàfin Oyèwùnmí, ọ̀gá nínú àjọ náà, ń bọ̀ wá wo ètò, yóò sì mú àwọn méjì tó máa lọ. Àlùkò pe ìpàdé. Ó pe ìpàdé nípa ìpàdé. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán òun, kí wọ́n fi férémù sí i, kí wọ́n fi ta ẹnìkan lọ́rẹ lójú àlejò. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun kan tó kù.

Ó ní, "A nílò ará ìlú kan lórí pèpéle. Kó ti dàgbà. Kó wọ aṣọ ìbílẹ̀. Kó sì mọ́. Yóò wá, yóò tẹríba fún mi, yóò gba àwòrán, yóò lọ. Ìyáàfin yóò rí i pé àwọn onílẹ̀ ń jẹ nínú ìmọ̀ mi."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ará ìlú kan àfi Mobọ́lá. Àlùkò ṣàánú rẹ̀. Ó ní bó bá mú àgbàlagbà kan wá, òun á sọ òdo rẹ̀ di ọgọ́rin, orúkọ rẹ̀ á sì wọ inú àwọn tí wọ́n máa fi han Ìyáàfin.

Ẹni tí Mobọ́lá lọ bá ni Old Man Wesseh, apẹja kan ní New Kru Town. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí jẹ́ sí i. Lọ́dún 1990, nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ ń wá ọmọ Nàìjíríà láti ojúlé dé ojúlé, Wesseh ló gbé Mobọ́lá àti ìyá rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá tó ń kó àwọ̀n sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé ìbọn sí i láyà, wọ́n ní ṣé kò rí Nàìjíríà kankan. Ó ní ẹja nìkan lòun rí.

Ó bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Papay, how the body?"

"I trying small-small, my daughter."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí gbogbo ará Monrovia ṣe ń ṣe é. Wọn á di ọwọ́ mú, wọn á mì í, bí wọ́n bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, wọn á fi ìka àárín kọ́ ìka àárín, wọn á ta á kó dún pọ́! Ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá dún, kò tíì kí èèyàn. Mobọ́lá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Wesseh gbọ́, ó ní nítorí tirẹ̀, òun á wá.

Ó bi í pé, "This your big man, he good man?"

Mobọ́lá ronú díẹ̀. Ó ní, "He big man, Papay."

Ọ̀nà ilé ló wà tí ẹ̀rù fi bà á. Ó rántí ìkìlọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rántí pé láti ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tí Olùdarí ti dé Monrovia, kò tíì bọ ará ìlú kan lọ́wọ́ rí. Ó yára padà sí ọ́fíìsì, ó kan ìlẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bọ́ bàtà, ó pe orúkọ gígùn náà láìgé e kúrú, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun kan ló kù. Àwọn ará ibí, tí wọ́n bá ń kí èèyàn, wọ́n máa ń..."

Àlùkò gbé ìka kan sókè. "Mobọ́lá. Ta ni Olùdarí Ọ̀ràn Àgbáyé?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló kọ ìwé olójú ewé àádọ́ta lórí àwọn ará Làìbéríà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ǹjẹ́ ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó ní kí n máa gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún?"

Dámiláre dáhùn láti ẹ̀yìn àga. "Kò sí, sà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti kà á."

"Bó o bá tún la ẹnu rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí," ni Àlùkò wí, "ọgọ́rin á padà di òdo, wàá sì máa wo ọkọ̀ Accra láti etíkun."

Mobọ́lá gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ẹ má bú u. Ẹni tí ọ̀nà kan ṣoṣo kù fún kì í fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i.

Ọjọ́ pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ará ìjọ àti àwọn ará àdúgbò díẹ̀ kún gbọ̀ngàn. Ìyáàfin Oyèwùnmí wọlé, obìnrin kúkurú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dámiláre sáré kọjá lára rẹ̀ lọ wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wá àlejò pàtàkì.

Àlùkò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ó ní, "Kí ni àgbáyé? Àgbáyé ni èmi àti àwọn tí kò tíì mọ̀ mí." Ó dákẹ́ láti mí. Àtẹ́wọ́ dún. Ó ní, "Mo rí orílẹ̀-èdè tí kò mọ ara rẹ̀, mo sì sọ fún un pé, dìde, èmi mọ̀ ọ́." Ó tún dákẹ́. Àtẹ́wọ́ tún dún. Ìyáàfin Oyèwùnmí ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. Inú Àlùkò dùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló ń kọ.

Wọ́n wá pe Old Man Wesseh. Ó jáde nínú aṣọ òfì ilẹ̀ wọn, ó ṣí fìlà, ó rìn dé iwájú Olùdarí. Gbogbo ènìyàn ń retí kó tẹríba. Wesseh na ọwọ́.

Ojú Ìyáàfin wà lára wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, Àlùkò kò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Ó na orí ìka méjì síwájú. Wesseh kò bá ti orí ìka wí. Ó gba ọwọ́ náà tán, ó mì í bí ẹni tó rí àna rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ bọ̀, ó fi ìka kọ́ ìka, ó sì ta á. Ó dún pọ́!

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ìka títa jẹ́ nílé wa. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, a ó fi ọwọ́ yí orí po, a ó ta ìka dànù, a ó ní kí ibi náà máa lọ, kó má bá wa. Ta ni ẹ rí rí tó ta tirẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíì? Lójú Àlùkò, gbogbo ibi tó wà nínú ogun Làìbéríà, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ni arúgbó yìí kó jọ tó sì dà sí òun lọ́wọ́.

Ó fò sẹ́yìn. Àwòrán tó wà nínú férémù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́. Afárá Láàárín Àwọn Orílẹ̀-Èdè fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ta ìka sójú arúgbó náà.

"Kò ní í bá mi. Ó di orí ẹni tó gbé e wá. Sájẹ́ǹtì, mú u. Oṣó ni. Wọ́n ti rán an sí mi."

Sájẹ́ǹtì Níran wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti lò ní Monrovia, ìka tirẹ̀ ń dún ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Wesseh kò sá. Ó kàn wá ojú Mobọ́lá láàárín èrò. "My daughter, what I do him?"

Mobọ́lá rí Accra lójú rẹ̀. Ó rí ọ̀nà náà gbangba. Ó tún rí yàrá àwọ̀n, ó gbóòórùn ẹja gbígbẹ, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí lẹ́yìn ògiri tó ń parọ́ fún ìbọn nítorí òun. Ojú tì í pé òun tilẹ̀ ń rò ó. Ó dìde, ó gun pèpéle, ó di ọwọ́ arúgbó náà mú níwájú gbogbo wọn, ìka wọn sì dún.

"Ìkíni ni, sà," ló wí. "Bí gbogbo ìlú yìí ṣe ń kí ara wọn láràárọ̀ nìyẹn. Bàbá yìí ló gba ẹ̀mí èmi àti ìyá mi là nínú ogun. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá kí yín. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ní kí n má sọ."

"Ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́," ni Àlùkò wí. Bírò Dámiláre ti wà lórí ìwé kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Oyèwùnmí gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn gun pèpéle wẹ́rẹ́, ó na ọwọ́ sí Wesseh, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ta ìka. Ó dún ju ti Mobọ́lá lọ. Àwọn ará àdúgbò tó wà lẹ́yìn kùn pé ó dáa.

Ó ní, "Àná ni mo dé. Àwọn tó gbé ẹrù mi ní èbúté Freeport ló kọ́ mi, kò gbà wá ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Àlùkò, ọdún mélòó lẹ ti lò níbí?"

Àlùkò la ẹnu. Ó dákẹ́.

Olùdarí dákẹ́, àbí? Ọwọ́ rántí iṣẹ́ rẹ̀. Lékè, Tolú àti Ògofolúwa pàtẹ́wọ́ kíkankíkan, Dámiláre náà ju bírò sílẹ̀ kó lè bá wọn pa á. Kò sí àtẹ́wọ́ tó tíì dún tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ètò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyáàfin ní kí wọ́n kó àròkọ wá. Ó ka mẹ́ta tó jọra, ó ka ti bàtà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo bàtà Àlùkò. Ó wá ka ti Mobọ́lá, ó kà á pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógójì tí wọn kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìdádúró dé, gbólóhùn méjì péré, kò sì pe orúkọ gígùn náà. Mọ́tò ECOMOG kò wá mọ́. Wọ́n yọ ìlẹ̀kùn méjì, wọ́n fi ọ̀kan ṣe tábìlì. Dámiláre tún àròkọ rẹ̀ kọ, ó ní òun fẹ́ dà bí báàgì Ìyáàfin Oyèwùnmí. Comfort, ọmọ onílẹ̀ kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ já kulẹ̀ nítorí ọwọ́ tó nà, ló gba àyè kan nínú méjèèjì. Mobọ́lá gba ìkejì.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi máa ṣí ní Freeport, Mobọ́lá àti ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan. Wesseh sìn wọ́n wá. Ta ni wọ́n bá létí omi? Àlùkò ni, òun àti àpótí méje. Ó ń lọ sílé nínú ọkọ̀ kan náà. Àwọn tó ń gbé ẹrù yí i ká, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. New Kru Town ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n sì ti gbọ́ ohun tó ṣe fún bàbá wọn. Ó ti sọ̀rọ̀ títí. Ó ti pe gbogbo oyè rẹ̀ fún wọn. Àpótí kan kò kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè àkọ́kọ́.

Nígbà tí wọ́n rí Wesseh, wọ́n yà lọ́nà fún un. Arúgbó náà rìn dé iwájú Àlùkò. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́.

Àlùkò wo ọwọ́ náà. Ó wo ọkọ̀. Ó gbé tirẹ̀ wá tán, kì í ṣe orí ìka. Wọ́n mì í, wọ́n fà á, ìka kọ́ ìka. Tirẹ̀ kò dún. Ó tún un ṣe, kò dún. Òógùn bò ó. Mobọ́lá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìka àárín ni, sà," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ má dì í le. Ẹ jẹ́ kí tiwọn náà ràn yín lọ́wọ́."

Àlùkò wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún pọ́! Kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ. Àlùkò dákẹ́, ó wò yíká, ó ń dúró de àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pa á. Wọ́n ti kó sábẹ́ àpótí rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ.

Wesseh ò tíì jẹ́ kó lọ. Ó fi ọwọ́ kejì lù ú léjìká bí ẹni ń gba àlejò. "Welcome to Liberia, my man," ló wí, ọkọ̀ sì fọn fèrè kejì.